Páálí Méje Tó Lọ sí Houston: Bí Òfin Ṣe Sọ Ẹja Àrọ̀ Di Ẹran

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ọdún 2025, ẹjẹ́ǹtì tó ń bá wa gba ẹrù jáde ní Houston fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi. Tábìlì onírin kan ni mo rí, wọ́n ti tú páálí wa kan sórí rẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí a ká bí òrùka tò lọ bẹẹrẹ nínú náílọ́ọ̀nù, ẹnì kan tó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù sì na ìka sí sítíkà tó wà lára ọ̀kan. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ 'catfish' síbí?"

Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo jókòó ti ẹni tó ń tẹ sítíkà ní Ṣómólú, tí mo ní kó jẹ́ kí lẹ́tà náà tóbi dáadáa kí oníbàárà lè rí i láti òkèèrè.

Láti ìgbà yẹn, àìmọye èèyàn ló ti pè mí láti béèrè ohun kan náà: kí ni wọn kì í jẹ́ kó wọ Amẹ́ríkà? Wọ́n fẹ́ kí n kà á lẹ́sẹẹsẹ fún wọn, èyí ń wọlé, èyí kì í wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Páálí méje wọ̀nyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó èèyàn sí gbèsè. Ohun kan náà lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́wọ́ ẹnì kan, kí wọ́n dáná sun ún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn méjèèjì sì bá òfin mu. Mo ti ń bá àwọn olóńjẹ kó ẹrù lọ sí òkè òkun fún ọdún mẹ́fà kí n tó mọ èyí, ojú sì tì mí.

Ẹrù náà àti àwọn tó ni ín

Ẹni tó ra ọjà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní apá ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní Houston. Àǹtí là ń pè é. Ó ti ń ra gàrí àti èlùbọ́ lọ́wọ́ wa fún ọdún mẹ́ta, a ò sì ní ìjà rí. Lọ́jọ́ kan ó pè, ó ní àwọn oníbàárà òun kò jẹ́ kí òun sinmi mọ́, àrọ̀ yíyan ni wọ́n ń béèrè, èyí tó máa ń gbóòórùn èéfín, tí wọ́n bá sọ ọ́ sínú ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ilé kejì á mọ̀. "Ẹ bá mi wá a. Iye tó bá jẹ́, màá san."

Mo mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo máa lọ. Màmá kan wà ní Ìkòròdú tó ti ń sin àrọ̀ tó sì ń yan án kí n tó gbéyàwó. Bí ẹ bá dé ìdí ààrò rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Yóò mú àrọ̀ tí wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀, tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa lára, yóò tẹ ìrù rẹ̀ wá sí ẹnu, yóò fi igi ṣóńṣó kan há méjèèjì pọ̀, ẹja á sì dúró bí òrùka. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ẹ ò ní rí ibi tí igi gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ó di orí wáyà. Iná èédú ló wà nísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rú, torí bí ó bá rú, ara ẹja á jó, inú rẹ̀ á sì wà ní tútù. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Kílò mẹ́rin ẹja tútù, bí ó bá gbẹ bí Màmá ṣe ń fẹ́ kó gbẹ, kò ní ju kílò kan àti díẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Èmi fúnra mi ni mo bá a forúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2002, lẹ́yìn tí wọ́n kọlù wọ́n ní New York, ló sọ èyí di dandan: ilé tó bá ń ṣe oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé wọn, ó gbọ́dọ̀ ní aṣojú tó ń gbé Amẹ́ríkà, òfin mìíràn lọ́dún 2011 sì fi kún un pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe ní ọdún méjì méjì. Kí oúnjẹ náà tó gúnlẹ̀, ẹni tó kó o gbọ́dọ̀ ti fi tó wọn létí ṣáájú, ìwé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Prior Notice. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo ṣe. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé a kò fi ẹrù pamọ́ sábẹ́ ẹrù.

Kílò 210 ló wà nínú páálí méjèèje, ọgbọ̀n kílò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gàrí jẹ́ 50, èlùbọ́ iṣu 58, ẹ̀gúsí bíbó 20, ọṣẹ dúdú 15, àrọ̀ yíyan 62. Ó ku kílò márùn-ún. Ìyẹn ni ìrẹsì ọ̀fadà tí ẹnikẹ́ni kò rà. Màmá ló fi ránṣẹ́ sí Àǹtí lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ó gbọ́ pé ọmọ Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wé e sínú àpò funfun kan, ó ní kí n bá òun kí ìyá ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sí igun páálí kẹfà, mo lẹ̀ ẹ́ pa.

"Àrọ̀ kì í ṣe ẹja níbí"

Gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí kọjá láìsí ariwo. Orí àrọ̀ ni gbogbo nǹkan dúró sí.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí FDA ni "ẹja gbígbẹ", ní èdè òyìnbó, láìdárúkọ irú ẹja tó jẹ́. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Ẹja gbígbẹ ni lóòótọ́, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹja kì í ní wàhálà tó ẹran. Gbogbo wa la mọ èèyàn tó ti kó pánlá wọ Amẹ́ríkà nínú àpò aṣọ. Àmọ́ nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tú páálí, sítíkà sọ ohun tí ìwé mi kò sọ. Ẹjẹ́ǹtì pè mí lẹ́yìn fọ́tò náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ ò mọ̀ pé àrọ̀ kì í ṣe ẹja níbí ni?"

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ẹran."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

Ìtàn náà kò kàn wá rárá níbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sin ẹja ní Mississippi, Alabama àti Arkansas ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹja láti Vietnam bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú, wọ́n ké gbàjarè sí àwọn aṣòfin wọn. Lọ́dún 2002, òfin jáde pé ẹja ìdílé Ictaluridae nìkan, ìyẹn irú èyí tí àwọn ń sìn, ni wọ́n lè pè ní catfish lọ́jà Amẹ́ríkà. Ẹja Vietnam gba orúkọ mìíràn, ó ń tà lọ. Lọ́dún 2003 wọ́n bu owó ibodè lé e, ó ṣì ń tà. Lọ́dún 2008 ni wọ́n wá dá ọgbọ́n tó ré kọjá ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n mú ẹja yìí kúrò lọ́wọ́ FDA, kí wọ́n gbé e lé iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, USDA, lọ́wọ́. Òfin àyẹ̀wò ẹran, èyí tó ti wà láti 1906 nítorí màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, ni wọ́n kọ ọ́ mọ́. Òfin ọdún 2014 wá fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú débi tó fi kan gbogbo ẹja ọ̀wọ́ Siluriformes, ibi yòówù kí omi rẹ̀ wà. Àrọ̀ wa wà nínú ọ̀wọ́ náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2016 ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ FDA pátápátá.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Òfin àkọ́kọ́ ní àrọ̀ wa kì í ṣe catfish, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà. Òfin kejì ní ará ilé catfish ni, kí wọ́n lè rí i gbá mú. Sítíkà tí mo tẹ̀ ní Ṣómólú ṣẹ òfin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Vietnam ni wọ́n ta ọfà sí, Ìkòròdú ló bà.

Ẹnì kan lè sọ pé, ó dáa, ẹran ni, ẹ jẹ́ ká lọ gba ìwé ẹran. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. FDA máa ń gba ẹja láti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, wọ́n kàn máa ń mú díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò ni. FSIS, ẹ̀ka USDA tó ń yẹ ẹran wò, kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù. Orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti wá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ìwé òfin rẹ̀, àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò àti ilé àyẹ̀wò rẹ̀ kalẹ̀, kí ó fi hàn pé ètò tòun kò rẹlẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sí fún irú ẹja yìí: Ṣáínà, Thailand àti Vietnam. Bẹ́ẹ̀ ni, Vietnam tí wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin náà wà nínú àwọn tó yege. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà nọ́ńbà NAFDAC Màmá kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ó ṣe mọ́ tónítóní kò já mọ́ nǹkan kan. Ìforúkọsílẹ̀ FDA tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, mo kàn lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìwé tí mo fi kọ́ iṣẹ́, ti àtijọ́ ni, mi ò sì padà lọ wò ó bóyá ó ti yí. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti bá ara wọn jà lórí òfin yìí. GAO, ọ́fíìsì tó ń bá àwọn aṣòfin wọn yẹ ìnáwó ìjọba wò, ti sọ léraléra pé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń ṣe ni wọ́n tún ń ṣe, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì dìbò lóṣù Karùn-ún ọdún 2016 pé kí wọ́n wọ́gi lé e. Ilé kejì kò bá wọn lọ. Ariwo tó tó báyìí, èmi ò gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ọ́fíìsì mi ní Ìkẹjà.

Bàbá ọkọ Àǹtí àti kílò ogún rẹ̀

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Àǹtí lórí fóònù, ó bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ohun tó sọ ni pé irọ́ ni ẹjẹ́ǹtì ń pa, ó ń wá owó. "Oṣù Kejìlá tó kọjá yìí ni bàbá ọkọ mi ti Èkó dé, àrọ̀ tó tó ogún kílò ló wà nínú àpò wọn. Wọ́n sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé ẹja ni. Wọ́n tú u, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Pápákọ̀ kan náà! Ẹja kan náà!"

Òótọ́ ló sọ. Nínú òfin àyẹ̀wò ẹran yẹn kan náà, ìlà kan wà pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lókè òkun, fún jíjẹ ara rẹ̀, òfin kò dí i lọ́wọ́, bí kò bá ṣáà ti ju pọ́ùn 50 lọ. Pọ́ùn 50 kò tó kílò 23. Bàbá rà á fúnra wọn, wọ́n máa jẹ ẹ́ fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́ síta láìfi pamọ́, kò sì ju ìwọ̀n lọ. Tiwa, ṣọ́ọ̀bù ló ni ín, títà la fẹ́ tà á, a sì kó kílò 62. Ìyàtọ̀ kò sí lára ẹja. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín àti ohun tó fẹ́ fi ṣe ni ìyàtọ̀ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi pọ́ùn 50 yìí kó pọ̀nmọ́ o. Òfin mìíràn ló di pọ̀nmọ́ mú. Àrùn ẹnu àti pátákò màlúù wà nílẹ̀ wa, APHIS, ẹ̀ka USDA tó ń ṣọ́ àìsàn ẹran àti kòkòrò, kò sì fẹ́ kí awọ tàbí ẹran màlúù gbé e wọ ilẹ̀ wọn, yálà ó wà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò. Ṣùyà àti kílíṣí náà nìyẹn.

Wọ́n wá tú páálí kẹfà, wọ́n rí ọ̀fadà. Ibí yìí ni òfin ti yí orí padà sí ìsàlẹ̀. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní khapra, kékeré ni, ó máa ń jẹ ọkà àti ìrẹsì nínú àpò, ó sì lè wà láìjẹun fún ọjọ́ gbọọrọ nínú ihò tó há. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wọn fi sọ pé òun nìkan ni kòkòrò tí àwọn ń gbé ìgbésẹ̀ lé lórí bí wọ́n tilẹ̀ bá òkú rẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí kòkòrò náà wà. Nítorí ìyẹn, ìrẹsì díẹ̀ tí èèyàn fi ránṣẹ́ fún jíjẹ ilé kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ìrẹsì títà, tó pọ̀, tó ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti ọwọ́ ìjọba, òun ló lè wọlé.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: bó bá jẹ́ pé jíjẹ ilé ni Àǹtí fúnra rẹ̀ wá ra àrọ̀ díẹ̀ sí, tó sì jẹ́ pé ọ̀fadà ló fẹ́ tà, tí a sì ti gba ìwé rẹ̀, a kì bá wà ní ibi tí a wà yìí. Ohun tí ọwọ́ oníṣòwò kò lè gbà wọlé, ọwọ́ ará ilé ń gbà á. Ohun tí ọwọ́ ará ilé kò lè gbà wọlé, oníṣòwò ń gbà á. Ẹnu kò gbà á fún mi láti sọ èyí fún Màmá lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn sọ pé wọ́n ti sun ìrẹsì ọmọ tuntun.

Ọṣẹ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ tí a fi epo àti eérú ṣe, bí èèyàn bá pè é ní ọṣẹ lásán, kì í sábà ní wàhálà lọ́dọ̀ FDA. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń wo lápálápá. Ohun tó bá ń wo àìsàn, oògùn ni, oògùn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí sì ni oògùn yìí. Gbólóhùn kan péré ló sọ ọṣẹ di oògùn. A kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí a yí sítíkà padà, wọ́n gbà, ẹjẹ́ǹtì jókòó nínú ilé ìkẹ́rùsí, ó ń ha sítíkà àtijọ́ kúrò lára ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà kí ó tó jáde.

Ìmọ̀ràn àwọn èèyàn

Kí àrọ̀ tó jóná, wọ́n fún wa láǹfààní kí a yàn: kí a dá a padà sí Èkó tàbí kí a jẹ́ kí wọ́n pa á run. Owó àtidá a padà ju owó ẹja lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a fi ń rò ó, ìmọ̀ràn ń wá láti ibi gbogbo, mo sì fẹ́ sọ méjì nínú rẹ̀ torí mo ṣì ń gbọ́ wọn títí di òní.

Àkọ́kọ́ ni pé nígbà mìíràn kí a pín ẹrù sí kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tó dọ́là 800, kí a kọ orúkọ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i. Nígbà yẹn, ẹrù tí kò bá ju dọ́là 800 lọ fún ẹnì kan lóòjọ́ kì í san owó ibodè. Ohun tí àwọn tó ń sọ èyí kò mọ̀ ni pé owó ibodè ni àǹfààní yẹn wà fún. Kò sọ ohun tí òfin kọ̀ di ohun tí òfin gbà, oúnjẹ tó bá gba ibẹ̀ kọjá ṣì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń ṣáájú rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn dọ́là 800 náà pa fún ẹrù gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń fi í polówó.

Ìkejì ni pé kí a máa fún àwọn arìnrìn-àjò lówó, kí wọ́n máa bá wa kó kílò ogún ogún nínú àpò wọn, kí Àǹtí wá máa kó o jọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí gan-an fẹ́ràn èyí. Mo kọ̀. Ẹni tó bá sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé òun fẹ́ jẹ ẹ́ nígbà tó mọ̀ pé títà ni, irọ́ ló pa, bó bá sì dé orí igbá tán, FSIS ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ní kí wọ́n kó irú ẹja yìí kúrò lórí igbá nílé ìtajà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ilẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ sí ni ó ti wá, wọ́n sì máa ń gbé orúkọ oníṣòwò náà síta fún gbogbo ayé kà. Mo sọ ìtàn ìgbín fún un. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ìgbín òòyẹ̀ 67 láti Nàìjíríà dé pápákọ̀ òfurufú Los Angeles nínú agbọ̀n méjì, ẹnì kan ní San Dimas ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, fún jíjẹ. Ìwé ìròyìn káàkiri ayé ló gbé e. Ní Florida, ọmọkùnrin kan kó ìgbín mẹ́ta wálé láti Hawaii lọ́dún 1966, ó sì gbà wọ́n tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó pa ìran rẹ̀ run. Àwọn tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ò lè sọ fún wọn pé "oúnjẹ lásán ni."

Àǹtí dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó ní, "Ó dáa. Kí wọ́n sun ún."

Bí a ṣe pín in

Owó ẹja jẹ́ ₦868,000, kílò kan ní ₦14,000. Owó ọkọ̀ òfurufú tó kan ẹja nìkan jẹ́ ₦527,000. Owó ilé ìkẹ́rùsí àti ti pípa á run jẹ́ dọ́là 690. Àǹtí ti san ìdajì owó ẹja sílẹ̀ kí a tó kó o.

Mo ní kí n ru owó ọkọ̀ fúnra mi, torí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ló yẹ kó mọ̀. Àǹtí gbà kí ìdajì tó ti san lọ bẹ́ẹ̀. Èmi àti òun pín dọ́là náà. Ìdajì tó kù, ₦434,000, orí Màmá ló jábọ́ sí, kò sì sí ohun tí Màmá ṣe. Ẹja rẹ̀ kò bàjẹ́, kò fi eku sínú rẹ̀, ó yan án gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó yan án. Mo lọ sí Ìkòròdú láti sọ fún un, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ààrò. Kò pariwo. Ó bi mí léèrè pé, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó sun ún?" Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó mi orí, ó yí àwọn ẹja tó wà lórí wáyà padà. Mo ń dá owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀ látìgbà yẹn, kò béèrè o.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Kí n tó kó ohunkóhun báyìí, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi, mo sì máa ń kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀: orúkọ wo ni òfin wọn ń pè é, ta ni yóò gbà á, kí ni yóò fi ṣe? Mo máa ń ka ojú ìwé FSIS àti ti APHIS lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lẹ páálí gan-an. Ẹni tó ń tẹ sítíkà ní Ṣómólú kì í tẹ nǹkan kan fún mi mọ́ láìjẹ́ pé ẹjẹ́ǹtì Houston ti kọ́kọ́ kà á.

Epìyà ni a yí sí. Kò sí nínú ọ̀wọ́ àrọ̀, ọwọ́ FDA ló ṣì wà, Màmá sì gbà láti máa kọ bí iná àti iyọ̀ ṣe rí lójoojúmọ́ sínú ìwé kan, torí FDA fẹ́ rí àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ẹja. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Epìyà kò ṣeé ká. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbìyànjú, ó tẹ ìrù rẹ̀ wá sẹ́nu bí ó ṣe ń ṣe fún àrọ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dá pọ́kán. Ó gbé èkejì, ó dá. Ó wá tẹ́ ìyókù gbalaja sórí wáyà, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì wojú mi.

"Èyí náà ńkọ́? Ṣé kò ní di ẹran kó tó débẹ̀?"

Mo mú fóònù jáde, mo tún un wò níṣojú rẹ̀.